Típà Mẹ́ta, Kò Lé, Kò Dín

Ọkùnrin tó ni ìtàn yìí ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sọ ọ́ fún mi. Ó ní kí n kọ ọ́ kí ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n, ó sì bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ òun. Mo ti fi orúkọ mìíràn bo tirẹ̀ àti ti gbogbo àwọn tọ́rọ̀ kàn. Ká ní ìfẹ́ inú mi ni mo tẹ̀lé, orúkọ rẹ̀ gan-an ni ǹ bá kọ sókè níbí, pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀. Ó sì ní fọ́tò kan tó bá a mu, ẹ ó gbọ́ nípa rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Akínfẹ́nwá. Ọmọ Èkìtì ni, ó kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì, ilé rẹ̀ sì wà ní ẹnu ọ̀nà tóóró kan ní Ọgbà. Ọ̀gá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Orúkọ yẹn dùn mọ́ ọn débi pé tí ẹnì kan bá pè é ní Bàbá Ayọ̀tọ́lá, kì í tètè dáhùn.

Bí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ bá sọ pé kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí Opebi, Akínfẹ́nwá á bi í pé kí ló fi wọ̀n ọ́n. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀nà tóóró yìí ló kó bá wọn. Bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á di ẹrọ̀fọ̀, mọ́tò á rì, bàtà á há. Àwọn onílé ṣèpàdé, wọ́n ní àwọn máa da òkúta gírànáìtì sí i láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìsàlẹ̀. Alága wọn, Ọ̀gbẹ́ni Bọ́dúndé, ránṣẹ́ sí Nùréènì tó ń ta òkúta àti yanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Agége, pé kó wá wo iye tí yóò gbà.

Nùréènì dé láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, inú iṣẹ́ òkúta ni irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Kò mú téèpù wá. Ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò kọjá orúnkún, ó mú ọ̀pá irin kan dání, ó sì fẹsẹ̀ wọn ọ̀nà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo ibi tó bá ti rọ̀, á ki irin náà bọlẹ̀, á wo ibi tí ẹrọ̀fọ̀ mu ún dé, á tún sún síwájú. Nígbà tó fi máa jáde, ẹrọ̀fọ̀ ti bò ó dé orúnkún.

Ó ní típà márùn-ún ni. Ó ṣàlàyé fún wọn pé ilẹ̀ tó rọ̀ báyìí á kọ́kọ́ gbé òkúta mì kí èyí tó kù tó dúró lókè, àti pé ìsàlẹ̀ fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà lọ nítorí ibẹ̀ ni mọ́tò ti ń yípo.

Akínfẹ́nwá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí tíṣà máa ń rín kó tó pe ọmọ tó kùnà jáde síwájú kíláàsì ni. Ó bi Nùréènì pé kí ló fi wọ̀n ọ́n, ìyẹn ní ẹsẹ̀ òun ni. Ó tún bi í pé ẹsẹ̀ rẹ̀ mélòó ló wà nínú mítà kan. Àwọn onílé bú sẹ́rìn-ín, wọ́n gbádùn ara wọn.

"Ìwọ lo ní ọ̀fun, Nùréènì," ni Akínfẹ́nwá wí. "Ilẹ̀ ò ní."

Ẹ ṣàkíyèsí pé ọkùnrin tó tó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń pè ní ìwọ. Nùréènì bu omi ṣan ẹsẹ̀, ó wọ bàtà rẹ̀ padà, ó ní kò burú, iye tí wọ́n bá ní kí òun kó wá lòun máa kó wá.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, Akínfẹ́nwá jáde láti fi ìmọ̀ han ayé. Ṣòkòtò funfun tó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló ṣì wà lára rẹ̀, bàtà rẹ̀ ń dán. Wúràọlá, ìyàwó rẹ̀, di orí kejì téèpù náà mú. Wọ́n wọn fífẹ̀ ọ̀nà náà ní ẹnu rẹ̀, ó jẹ́ mítà mẹ́ta. Wọ́n wá ń wọn gígùn rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ títí wọ́n fi dé ẹnu ilẹ̀kùn Fàúsát.

Alágbàfọ̀ ni Fàúsát. Yàrá kan ló gbà nínú ilé Bọ́dúndé, iwájú yàrá náà ló ti ń fọṣọ, tó ti ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló fi ń jẹun. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń ṣa òkúta díẹ̀díẹ̀ níbi táwọn bíríkìlà bá ti kọ́lé tán, ó sì tẹ́ ẹ síwájú ilẹ̀kùn rẹ̀ kí omi ìfọṣọ má baà sọ ibẹ̀ di ẹrọ̀fọ̀. Tí ẹ bá kó o jọ, kò lè ju páànù mẹ́rin lọ. Gbogbo àdúgbò ló ń tẹ òkúta náà kọjá tí wọ́n bá gbé aṣọ wá, títí kan Akínfẹ́nwá fúnra rẹ̀.

Láti ẹnu ilẹ̀kùn yẹn ni ẹrọ̀fọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Fàúsát rí bàtà tó ń dán, ó sáré wọlé, ó mú sílípáàsì rọ́bà kan jáde, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ wọ ìyẹn, nítorí ìsàlẹ̀ kò dára.

Akínfẹ́nwá wo sílípáàsì náà, ó wo ẹrọ̀fọ̀. Ó ní ìṣirò ò nílò sílípáàsì. Ilé Fàúsát ni àárín gbùngbùn ọ̀nà, ó sì jẹ́ ọgbọ̀n mítà sí ẹnu ọ̀nà. Ọgbọ̀n lọ́nà méjì, ọgọ́ta. Ó ká téèpù rẹ̀, iṣẹ́ parí.

Ó ní kí Wúràọlá ya òun ní fọ́tò. Ó na téèpù síta bí ẹni tó fẹ́ fi na ọmọ, ó gbé àgbọ̀n sókè. Ó gbé fọ́tò náà sórí gúrúùpù WhatsApp àwọn onílé, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "A ti wọ̀n ọ́n tán, láti òkè délẹ̀." Ìṣirò náà tẹ̀ lé e. Ọgọ́ta lọ́nà mẹ́ta jẹ́ ọgọ́sàn-án. Nínípọn òkúta jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá mítà, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ méjìdínlógún. Típà kan ń gba mẹ́fà. Típà mẹ́ta, kò lé, kò dín.

Bọ́dúndé fèsì pé ìwé dára. Àwọn yòókù fi àtàǹpàkò ránṣẹ́. Ẹnì kankan nínú wọn ò rìn débẹ̀ lọ wò ó, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ yẹn ni ìdajì wọn ń gbé.

Nùréènì kó típà mẹ́ta wá, ó dà á sí ẹnu ọ̀nà. Òjò ò jẹ́ káwọn lébìrà ráyè, òkítì òkúta náà sì wà níta fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tí wọ́n wá tẹ́ ẹ, ó lọ dáadáa láti òkè wá. Ó kọjá ẹnu ilẹ̀kùn Fàúsát díẹ̀, ó sì tán. Ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀nà náà, èyí tó burú jù, wà ní ìhòòhò. Ibi tó sì rọ̀ nínú èyí tí wọ́n tẹ́ pàápàá ti ń rì lábẹ́ mọ́tò.

Akínfẹ́nwá gun bákónì rẹ̀ lọ wo ìsàlẹ̀. Láti òkè níbẹ̀, ọmọ kékeré á rí i pé ọ̀nà náà dà bí akèrègbè, ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, ìdí rẹ̀ gbòòrò. Ọrùn ló wọ̀n, ó sì fi ṣe ìṣirò ìdí.

Ó dúró síbẹ̀ títí Wúràọlá fi wá dúró tì í. Obìnrin náà ní, "Bàbá Ayọ̀tọ́lá, a ò dé ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn o." Ó dá a lóhùn pé òun mọ̀.

Ìpàdé di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Tọ́sìdeè. Ó ní òun ti pinnu láti jẹ́wọ́, òun tilẹ̀ ti dúró síwájú dígí fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò. Mo gbà á gbọ́. Ìpinnu iwájú dígí kì í ná èèyàn ní nǹkan kan.

Bọ́dúndé ló ṣí ìpàdé. Kí Akínfẹ́nwá tó la ẹnu, alága ti là á. Ó ní kò sí ohun mìíràn ju pé wọ́n jí òkúta bù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni òkítì fi wà níta, bẹ́ẹ̀ ìṣirò Ọ̀gá Tíṣà kò lè kùnà. Gbogbo wọn mi orí, wọ́n ní ká ní Nùréènì ló wọ̀n ọ́n ni, àwọn ì bá ní ó ṣì í wọ̀n.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ Akínfẹ́nwá. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, kò tijú. Gbólóhùn méjì péré ni ì bá sọ: èmi ni mo ṣì í wọ̀n, n kò dé ìsàlẹ̀. Ọkùnrin tó fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n na ọmọ ọlọ́mọ nítorí ìdáhùn tó kùnà, kò lè sọ gbólóhùn méjì.

Dípò bẹ́ẹ̀, nígbà tí ẹnì kan ń ṣiyèméjì pé ta ló lè fọwọ́ kó odindi típà kan, ó yọ bírò. Ó ní tí èèyàn bá bu páànù ọgọ́ta lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, á tó bẹ́ẹ̀. Ó ní díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ọ̀kan nínú wọn ní ẹ dúró ná, ṣé òkúta ò wà níwájú ilẹ̀kùn alágbàfọ̀ yẹn?

Akínfẹ́nwá ti tẹ òkúta yẹn kọjá fún ọdún kan gbáko. Ó mọ̀ pé páànù mẹ́rin ni. Ó mọ̀ pé alágbàfọ̀ tó ń dúró ti áyọ́ọ̀nù látàárọ̀ dalẹ́ kò lè ru páànù ọgọ́ta lójúmọ́ lójú gbogbo ayé, kó sì wá rí yàrá kan kó o sí. Bọ́dúndé yíjú sí i, ó ní, "Ọ̀gá Tíṣà, ṣé ó ṣeé ṣe?"

"Ìṣirò fi hàn pé ó ṣeé ṣe," ni Akínfẹ́nwá wí.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà o, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ wọ́ orí náà.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, fọ́tò òkúta iwájú ilẹ̀kùn Fàúsát ti wà lórí gúrúùpù, wọ́n sì kọ olè sábẹ́ rẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń wá kó aṣọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹlòmíràn kó tirẹ̀ ní tútù. Àwọn tó ti ń kí i pẹ̀lẹ́ fún ọdún mẹ́fà ń kọjá láìwo ẹ̀gbẹ́. Bọ́dúndé sọ fún un pé kó wá yàrá mìíràn kí oṣù tó parí, nítorí òun ò lè fi olè sínú ilé kí òun tún jẹ́ alága.

Fàúsát ṣàlàyé ibi tó ti ṣa òkúta rẹ̀. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo olè ń sọ. Ó wá rò ó pé ẹnì kan wà tó lè gba òun sílẹ̀, nítorí ẹni náà kàwé, ó sì jẹ́ ẹni Ọlọ́run. Ó lọ kúnlẹ̀ sí ẹnu géètì Akínfẹ́nwá.

"Sà, ẹ̀yin lẹ mọ ìṣirò," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo òkúta mi, kẹ́ ẹ bá mi sọ fún wọn pé ò ju páànù mẹ́rin lọ. Tí mo bá kúrò níbí pẹ̀lú orúkọ yìí, ta ló máa gbé aṣọ fún mi fọ̀ mọ́?"

Akínfẹ́nwá ní òun máa wò ó. Ó ti géètì. Wúràọlá wà ní ìdí fèrèsé ilé ìdáná, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Akínfẹ́nwá sọ fún mi pé ohun tó dun òun jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, pé ìyàwó òun ò bá òun sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ohun tó dùn ún.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ti Akínfẹ́nwá kò tó oṣù kan.

Wọ́n ní kí Nùréènì kó típà méjì sí i wá. Ẹ bá mi rò ó pọ̀: mẹ́ta àti méjì, márùn-ún tí bàbá náà fẹnu ara rẹ̀ sọ ní àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó rántí láti tijú. Ó dé ní ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bọ́dúndé sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn olè fún un, bí alágbàfọ̀ kan ṣe jí odindi típà kan.

Nùréènì gbọ́ ọ tán. Ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò, ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ lébìrà kan, ó sì rìn lọ sí iwájú díẹ̀ sí ilé Fàúsát, níbi tí mọ́tò ti ń rì. Ó gbẹ́lẹ̀. Ó gbẹ́ ẹ kọjá ọrùn ẹsẹ̀, òkúta nìkan ló ń hú jáde nínú ẹrọ̀fọ̀. Ó ki ọ̀pá irin bọ̀ ọ́, òkúta ṣì ń dún nísàlẹ̀.

"Olè yín rèé," ló wí. "Mo sọ fún yín pé á gbé e mì."

Ó wá béèrè pé mítà mélòó ni wọ́n kọ fún fífẹ̀ ìsàlẹ̀. Bọ́dúndé ṣí fóònù rẹ̀, ó ní mẹ́ta. Nùréènì ní kí wọ́n lọ mú téèpù Ọ̀gá Tíṣà wá, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹsẹ̀ òun ló parọ́. Wúràọlá ló mú un wá. Òun àti Bọ́dúndé wọ inú ẹrọ̀fọ̀, wọ́n na téèpù náà láti ògiri dé ògiri. Mítà márùn-ún ni, ó tún lé díẹ̀.

Gbogbo ojú yí sí Akínfẹ́nwá, tó dúró sórí òkúta gbígbẹ pẹ̀lú bàtà rẹ̀. Àyè jẹ́wọ́ tún ṣí sílẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ.

Ó ní òjò ló fẹ̀ ẹ́. Mítà mẹ́ta lòun bá nígbà tí òun wọ̀n ọ́n níbẹ̀.

Ògiri ilé wà ní ọ̀tún, ògiri ilé wà ní òsì, ó ní òjò ló fẹ̀ ẹ́. Ohun tó sì burú ni pé àwọn kan mi orí nínú wọn.

Fàúsát ti ń di ẹrù láti òwúrọ̀. Ó jáde síta, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí ara ìró, kò sì gbé ohùn sókè. Ó ní kí Bọ́dúndé má tíì pa fóònù yẹn, kó tẹ̀ ẹ́ lọ sókè níbi tí fọ́tò Ọ̀gá Tíṣà wà, èyí tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé a ti wọ̀n ọ́n tán.

"Ẹ wo ṣòkòtò wọn nínú fọ́tò yẹn," ló wí. "Èmi ni mo fọ̀ ọ́. Àbàwọ́n ọbẹ̀ kan ló wà lójú itan, kò sí ẹrọ̀fọ̀ kankan. Ẹ wá wo ẹsẹ̀ ara yín nísinsìnyí, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ dé ìsàlẹ̀."

Wọ́n wo fọ́tò. Ṣòkòtò náà funfun báláú, bàtà ń dán. Bọ́dúndé wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ẹrọ̀fọ̀ ni títí dé orúnkún. Nùréènì ò ní láti wo tirẹ̀.

Akínfẹ́nwá yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà ṣì di orí téèpù mú nínú ẹrọ̀fọ̀, níbi tó yẹ kó ti dì í mú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ní, "Òótọ́ ló sọ. A ò kọjá ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó tiẹ̀ mú sílípáàsì wá fún wa."

Kò sẹ́ni tó pariwo mọ́ ọn. Ẹnì kan kàn rẹ́rìn-ín, òmíràn tẹ̀ lé e, Akínfẹ́nwá sì mọ ẹ̀rín náà. Ẹ̀rín tí òun fi rín Nùréènì ni.

Bọ́dúndé rántí lójijì pé olóòótọ́ ni Fàúsát látilẹ̀. Ó ní kó tú ẹrù rẹ̀, ó ní inú òun ti ń sọ fún òun tẹ́lẹ̀. Àwọn tó pè é ní olè ní ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn ń bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní àwọn á kó aṣọ wá ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Fàúsát ní ẹ ṣeun, òun ti rí yàrá sí Agége.

Ó padà síwájú ilẹ̀kùn rẹ̀, ó mú páànù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta tó ti ṣà láti ọdún kan sínú rẹ̀. Nùréènì fẹ́ bá a rù ú, ó ní rárá. Ó ru àkọ́kọ́ wọ inú ẹrọ̀fọ̀ ìsàlẹ̀, ó dà á nù. Ó padà wá. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń kà á. Ẹ̀kẹrin ló gbé kọjá lójú Akínfẹ́nwá, ó dúró díẹ̀.

"Páànù mẹ́rin rèé, sà," ló wí. "Ẹ fi kún un, kí ìṣirò yín lè pé."

Oṣù méje nìyẹn. Ọ̀nà náà ti dára, típà márùn-ún ló sì gbà. Akínfẹ́nwá bi mí bóyá mo rò pé ẹ̀yin òǹkàwé á dárí ji òun. Mo ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ yín ló yẹ kó ti lọ béèrè. Mo bi í bóyá ó ti lọ bá Fàúsát láti ọjọ́ yẹn, nítorí láti Ọgbà sí Agége, kẹ̀kẹ́ kan péré ni.

Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú, ó wo bàtà rẹ̀. Ó ní òun ti ń gbèrò láti lọ, ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún òun pé àdúgbò tó kó lọ yẹn lẹ́rọ̀fọ̀.